Sígà Ọ̀gbẹ́ni Anderson

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí ọ̀gá wa bó ṣe yẹ, nítorí kò sí ohun tó ń bí i nínú bíi kéèyàn dárúkọ rẹ̀ láì kọ́kọ́ pe oyè rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Abraham T. Anderson nìyí, Ọ̀gá Àgbà Pátápátá ní Ọ́fíìsì Ìmọ́tótó àti Ẹwà Ọjà, nílùú Accra. Ọ́fíìsì náà kò jìnnà sí oríta ńlá tí wọ́n ń pè ní Circle, ọjà Odawna sì wà nítòsí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ariwo àwọn aláṣọ ń gba ojú fèrèsé wọlé. Síbẹ̀, bí ọ̀gá bá fẹ́ lọ bẹ ọjà wò, ọkọ̀ ló ń gbé e lọ, ọkọ̀ kejì á sì máa gbé awò ojú rẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn.

Tó bá wọlé láàárọ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ dìde. Igbákejì rẹ̀, Kwabena, á kéde pé ìmọ́tótó ti dé, àwọn yòókù á dáhùn pé ìdọ̀tí ti sá. Tó bá sín, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní ìwà bẹ́ẹ̀ ń tàbùkù ẹ̀rọ amúlétutù ìjọba. Òun náà ló pàṣẹ pé kí àwọn ẹlẹ́ja máa fi aṣọ funfun bo ẹja lójú kí eṣinṣin má baà rí i. Nígbà tí eṣinṣin wá ṣù bo aṣọ funfun náà, ó ní àṣẹ òun ti ṣiṣẹ́, ṣebí wọn ò bà lé ẹja mọ́. Lópin ọdún, ọ́fíìsì rẹ̀ dá ẹ̀bùn kan sílẹ̀ fún ọ́fíìsì tó mọ́ jù lọ, ọ́fíìsì rẹ̀ náà ló sì gbà á. Kwabena sunkún níbi ayẹyẹ náà, mi ò sì mọ̀ bóyá ẹkún ayọ̀ ni.

Orúkọ yẹn ńkọ́? Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Mamobi ni wọ́n bí i sí, ní àdúgbò ilé kéwú, Bùràímọ̀ ni wọ́n sì sọ ọ́. Bàbá rẹ̀ ni Àtàndá. Ọmọ Yorùbá ni wọ́n, irú àwa tí àwọn ará Ghana ń pè ní Alata. Nígbà tí Bùràímọ̀ wọ iṣẹ́ ìjọba, Àtàndá di Attander, Attander di Anderson, Bùràímọ̀ sì di Abraham. Kò pẹ́ tó fi ń sọ fáwọn èèyàn pé bàbá ńlá òun jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan láti ilẹ̀ Scotland. Ẹni tó bá pè é ní Alata ti fọwọ́ ara rẹ̀ wá ìjà.

Ọ̀rọ̀ sígà wọ̀ ọ́ lára nígbà tó lọ ṣe ìpàdé kan lókè òkun. Àwọn tó gbà á lálejò fún un ní ọ̀kan, ó nípọn bí àtàǹpàkò, odindi ewé tábà ni wọ́n sì ká, láìsí bébà lára rẹ̀. Ó fà á, ó gbé èéfín mì, ó húkọ́ títí wọ́n fi gbé omi fún un. Nígbà tó padà dé Accra, ohun tó sọ ni pé àwọn òyìnbó ní kóun dúró kóun máa kọ́ àwọn, ṣùgbọ́n Ghana nílò òun jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ẹ̀kọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láwàlì ló jìyà rẹ̀ jù. Agbaṣẹ́ṣe ni Láwàlì, ọmọ Yorùbá bíi ti ọ̀gá, òun nìkan sì ni ọ̀gá máa ń bá sọ Yorùbá, ìyẹn tí ilẹ̀kùn bá ti tì.

"Má pè é ní sìgá," ni ọ̀gá máa ń wí fún un. "Sìgá ni àwọn awakọ̀ trotro ń fi sẹ́nu. Sígà ni tèmi. Sí-gà."

Láwàlì fi odindi ọ̀sán kan gbé ohùn sókè, ó ń gbé e sísàlẹ̀, títí tó fi pè é bó ṣe tọ́, nítorí iṣẹ́ kan wà lọ́wọ́ ọ̀gá tó ń wù ú.

Iṣẹ́ náà rèé. Ní Odawna, ìsọ̀ gígùn kan wà tí àwọn obìnrin ti ń ta ọṣẹ dúdú, èyí tí àwọn ará Ghana ń pè ní alata samina, ọṣẹ àwọn Alata. Púpọ̀ nínú àwọn obìnrin náà jẹ́ ọmọ Yorùbá, wọ́n sì ti wà níbẹ̀ kí ọ́fíìsì ìmọ́tótó tó dé ayé. Ọ̀gá wa fẹ́ wó ìsọ̀ náà, kó kọ́ Ilé Sígà síbẹ̀, níbi tí àwọn àlejò láti òkè òkun yóò ti máa jókòó nínú àga onírọ̀rí, tí wọ́n á máa yọ èéfín sí ojú àwọn tó ń tajà. Ó ní òórùn ọṣẹ ń lé àlejò. Láwàlì ni yóò kọ́ ilé náà. Ó ku kí Mínísítà buwọ́ lù ú, ẹni tó bá sì lè ṣe irú iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀, wọ́n ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé òun ni wọ́n máa fi ṣe olórí gbogbo ọjà tó wà ní Ghana.

Àwọn ọlọ́ṣẹ rán èèyàn wá bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí Kwabena sọ fún wọn pé òun ń ronú, wọn kì í sì í dá òun dúró nídìí ìrònú.

Ẹ wá gbọ́ ibi tó ti ń dùn mí. Obìnrin tó dàgbà jù nínú ìsọ̀ náà ń jẹ́ Sàúdátù, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Ìyá Bùràímọ̀ ni gbogbo ọjà mọ̀ ọ́n sí. Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá tó bí ọ̀gá ni. Ọ̀gá sì mọ̀ pé ibẹ̀ ló ń jókòó sí. Ó ti sọ fún ara rẹ̀ pé òun á gba ṣọ́ọ̀bù fún un níbòmíràn tó bá yá, bóyá ní Lapaz, ó sì ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà kó tó sọ ọ́ tán. Láti ìgbà tó ti di ọ̀gá, kò dé Mamobi mọ́. Ó ní ojú ọ̀nà ibẹ̀ há jù fún ọkọ̀ òun. Abena, ìyàwó rẹ̀, ló ń lọ kí ìyá ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀.

Nígbà tí ọjọ́ tí Mínísítà yóò wá ti ń sún mọ́lé, ọ̀gá pinnu pé òun á fi sígà ṣe é lálejò, kó lè fi ẹnu ara rẹ̀ tọ́ ohun tí Ilé Sígà yóò jẹ́ wò. Ó ní páálí sígà olówó ńlá méjì nílé, inú àpótí kan tó ń lo iná mànàmáná ni wọ́n wà, àpótí tó mọ bí yóò ṣe pín òtútù àti ọ̀rinrin ní ìwọ̀n. Ọ̀gá fẹ́ràn láti máa dúró níwájú rẹ̀ kó máa sọ̀rọ̀.

"Sígà dà bí ọmọ tuntun," ló máa ń wí. "Tó bá gbẹ jù, awọ ara rẹ̀ á là, á jó wàràwàrà, á sì korò. Tó bá tutù jù, kò ní í ṣe é fà, á kàn máa kú síni lẹ́nu ni, á sì bu. Ibi tó bá sùn, adùn ibẹ̀ ló máa gbé wá. Sígà kì í purọ́. Ó máa ń sọ ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ."

Àpótí náà mọ ohun gbogbo àfi dumsor, bí àwọn ará Ghana ṣe ń pe iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Lọ́sẹ̀ náà, iná lọ, kò rántí bọ̀. Nígbà tí ọ̀gá mú sígà kan nínú páálí àkọ́kọ́, ó rún mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó gbé páálí kejì fún Abena, ó ní kó wá ibi tó tutù, tó ní ọ̀rinrin díẹ̀, tí kòkòrò ò lè wọ̀. Abena ní òun mọ ibì kan. Ó fẹ́ sọ ibẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n ọ̀gá gbé ọwọ́ sókè, ó ní iṣẹ́ ọ̀gá ni láti pàṣẹ, kì í ṣe láti máa béèrè ọ̀nà.

Mamobi ni Abena gbé e lọ. Yàrá ẹ̀yìn ilé Ìyá Bùràímọ̀ jẹ́ ti àtijọ́, ògiri rẹ̀ nípọn, oòrùn kì í wọ ibẹ̀, ibẹ̀ ló sì ń kó ọṣẹ pa mọ́ sí. Abena júwe fún un: tábà ọmọ rẹ ni, kò gbọdọ̀ gbẹ, kò gbọdọ̀ rin, kòkòrò ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́, àwọn èèyàn ńlá ló fẹ́ fi ṣe lálejò. Inú ìyá dùn. Ó pẹ́ tí ọmọ rẹ̀ ti fi nǹkan rán an kẹ́yìn.

Nígbà tí Abena lọ tán, ìyá wo páálí náà. Àwòrán obìnrin kan wà lára rẹ̀ tí kò wọṣọ tó, kò sì yẹ kí Àlájà tó ń lọ sí àsálátù máa gbé irú ìyẹn sínú yàrá. Ó kó àwọn sígà jáde, ó tò wọ́n sínú àpótí igi ńlá tó ń kó ọṣẹ sí, ìpele ọṣẹ lókè, ìpele ọṣẹ nísàlẹ̀, nítorí kòkòrò kì í sún mọ́ ọṣẹ dúdú. Ní àràárọ̀, ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á fi ìka tẹ̀ wọ́n jẹ́jẹ́ bó ṣe ń tẹ ọṣẹ láti mọ̀ bóyá ó ti gbẹ jù, á yí wọn padà, á fi àtẹ́lẹwọ́ ra wọ́n lára kí wọ́n lè dán. Ọwọ́ Ìyá Bùràímọ̀ kì í ṣe ọwọ́ tí ọṣẹ ti kúrò lára rẹ̀ rí. Nígbà tí Abena padà wá gbé wọn, wọ́n rọ̀, wọ́n ń dán, kò sí èyí tó là nínú wọn, ìyá sì ti dá wọn padà sínú páálí.

Ọjọ́ pé. Gbọ̀ngàn ọ́fíìsì kún fún àwọn tó wọ kóòtù. Mínísítà, Ọlọ́lá Afua, jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tí kì í pariwo, ó jókòó sí iwájú, ìwé tí wọ́n fẹ́ kó buwọ́ lù wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀. Abena wà lórí ìlà kejì. Ọ̀gá dìde, Kwabena kéde pé ìmọ́tótó ti dìde, ọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀, ní Gẹ̀ẹ́sì tó wúwo.

"Ẹ̀yin ọlọ́lá," ni ọ̀gá wí, "ẹ̀yin ọlọ́lá jùlọ, àti ẹ̀yin tí ọlá yín ṣì wà lọ́nà. Lónìí ni Odawna yóò bọ́ àkísà. Òórùn ọṣẹ dúdú, òórùn òkùnkùn, òórùn tó ń ti ọ̀làjú sẹ́yìn ní ẹnu ọ̀nà wa, a ó lé e lọ. Imú mi, tí mo fi sin ìjọba láti ìgbà èwe mi, kò lè gbà á mọ́."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó ní ó tó gẹ́ẹ́, wọ́n sì mọ̀ pé kò tíì tó, wọ́n pàtẹ́wọ́ sí i.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pín sígà. Ọ̀gá fi hàn wọ́n bí wọ́n ṣe ń gé orí rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń mú iná sún mọ́ ọn láì jẹ́ kó fẹnu kàn án, bí wọ́n ṣe ń kó èéfín sẹ́nu láì gbé e mì. Ó fi ètè rẹ̀ rin orí tirẹ̀ dáadáa, ó fà á, ó pa ojú dé.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ sí i nígbà náà, òtítọ́ ni, mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ara rẹ̀ rọ̀. Ó ṣe é bíi pé ẹnì kan ń da omi sí i lórí nínú àgbàlá, tí ọwọ́ líle kan sì ń fọ ọrùn rẹ̀, tí oòrùn àárọ̀ ń mú un lẹ́yìn. Omi gba ojú rẹ̀, kò sì mọ ìdí.

Ó bi wọ́n pé adùn kí ni wọ́n gbọ́ lẹ́nu. Láwàlì, tí ojú ń ta, ní òun gbọ́ kòkó. Kwabena ní òun gbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó jóná díẹ̀. Ọkùnrin kan lẹ́yìn ní òun gbọ́ àdín, wọ́n sì wò ó títí tó fi ní òróró ni òun fẹ́ sọ. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti rí ibi tí wọ́n ti ń se ọṣẹ rí, tí ẹ mọ ohun tí wọ́n ń sun láti fi ṣe eérú rẹ̀ àti òróró tí wọ́n ń dà sí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

"Gbogbo rẹ̀ lẹ gbọ́," ni ọ̀gá wí, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. "Kòkó, ọ̀gẹ̀dẹ̀, àdín. Ilẹ̀ òkè òkun nìyẹn. Adùn yìí, mo ti mọ̀ ọ́n láti kékeré. Òórùn ilé wa nìyí."

Mínísítà ò tíì tan iná sí tirẹ̀. Ó gbé e sí imú, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó tún gbé e sí imú. Ó wá bi ọ̀gá bóyá ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé òórùn ilé wọn ni. Ọ̀gá ní òun lè búra. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ìfófòó funfun kékeré kan yọ ní igun ẹnu rẹ̀. Ó fi ahọ́n nù ún, ó sì pọ̀ sí i. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni ẹnu rẹ̀ ń hó, Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún Ìmọ́tótó, níwájú gbogbo àwọn oníkóòtù. Kwabena, tí ìwà ti mọ́ lára, pàtẹ́wọ́.

"Director," ni Mínísítà wí jẹ́jẹ́, "alata samina ni èyí. Ìyá mi àgbà fi wẹ̀ mí dàgbà."

Ọ̀gá ní rárá, ó ní ó lè jọ ọ́ nímú ẹni tí kò tíì rìnrìn àjò. Láwàlì ti rọra sọ tirẹ̀ sínú ife omi.

"Wọ́n ní ẹ máa ń sọ pé sígà kì í purọ́, pé ó ń sọ ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ," ni Mínísítà wí. "Ilé wo ni wọ́n ti tọ́ eléyìí?"

Ọ̀gá wo Abena. Ojú rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó pa irọ́ kan, irọ́ tó dúró dáadáa. Ṣùgbọ́n obìnrin tí wọn ò jẹ́ kó sọ ibi tó ń gbé nǹkan lọ ní ọjọ́ tó yẹ kó sọ ọ́, kò rí ìdí tí kò fi ní í sọ ọ́ lónìí. Ó dìde, ó ní ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ òun ni, ní Mamobi, ìyá kan tó ń ta ọṣẹ ní Odawna, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Bùràímọ̀.

Mínísítà béèrè ẹni tó ń jẹ́ Bùràímọ̀. Kwabena, ẹni tó ń kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ nígbà gbogbo, òun náà ló kọ́kọ́ na ìka sí ọ̀gá.

Ẹ̀rín tó sọ níbẹ̀, wọ́n gbọ́ ọ dé Circle. Ṣùgbọ́n Mínísítà ò rẹ́rìn-ín. Ó mú ìwé tó wà níwájú rẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ó béèrè bóyá ìsọ̀ tí wọ́n fẹ́ wó yìí náà ni ìyá yẹn ń jókòó sí. Gbogbo àwọn oníkóòtù yíjú wo ọ̀gá, ìdáhùn sì ti dé.

"Kò sí ohun tó burú nínú kéèyàn jẹ́ Alata," ló wí fún ọ̀gá. "Ṣùgbọ́n ẹni tó lè lé ìyá tirẹ̀ kúrò nídìí ọjà, mi ò ní í fi ìyá àwọn ẹlòmíràn ní gbogbo ọjà Ghana lé e lọ́wọ́." Ó fi ìwé náà sílẹ̀ láìbuwọ́ lù ú, ó sì jáde.

Ìsọ̀ àwọn ọlọ́ṣẹ dúró síbi tó wà. Ọ̀gá ni kò dúró. Wọ́n gbé e lọ sí Lapaz, kó máa bójú tó ilé ìgbẹ́ ibùdókọ̀ kan. Ọkọ̀ méjèèjì padà sọ́dọ̀ ìjọba. Nígbà tó wọ ọ́fíìsì tuntun ní àárọ̀ àkọ́kọ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà díẹ̀, ó ń retí. Kò sẹ́ni tó kéde nǹkan kan. Kwabena ti wà lẹ́yìn ọ̀gá mìíràn, mo sì gbọ́ pé ó ti ń sunkún níbi ayẹyẹ rẹ̀ náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fi ẹsẹ̀ rìn wọ Mamobi. Inú ń bí i gidigidi. Láti ìdí ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀ ló ti ń to ọ̀rọ̀ pọ̀: pé wọ́n ti ba òun jẹ́, pé wọ́n ti fi ọṣẹ ba iṣẹ́ òun jẹ́, pé ta ló rán wọn. Ó bá a nínú yàrá ẹ̀yìn, níbi tí ìyá jókòó sílẹ̀ sí, tó ń wé ewé mọ́ ọṣẹ. Ìyá gbójú sókè, ojú rẹ̀ sì mọ́ kedere.

"Bùràímọ̀," ló wí, "ṣé àwọn àlejò rẹ gbádùn tábà yẹn?"

Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti tò sílẹ̀ fò lọ. Ó ní wọ́n gbádùn ẹ̀. Ìyá ní kó jókòó. Àpótí ọṣẹ nìkan ló wà láti jókòó lé, ó sì jókòó lé e.

"Àwọn ìyá ìsọ̀ ní kí n wá bẹ̀ ọ́ nígbà yẹn," ni ìyá wí, ọwọ́ rẹ̀ ò dúró. "Mo ní kí wọ́n fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Mo ní ọmọ mi ò mọ̀ pé ibẹ̀ ni mo ń jókòó sí, pé ká ní ó mọ̀ ni, kò jẹ́ dán an wò. Wọ́n gbà mí gbọ́." Ó gé okùn, ó fi di ewé. "Àbí o mọ̀?"

Irọ́ tó lè pa pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, èyí tó gùn àti èyí tó kúrú, èyí tí ìyá yóò gbà gbọ́ sì wà nínú wọn. Ó wo ọwọ́ ìyá rẹ̀, ìka tó dúdú, èékánná tí ọṣẹ ti jẹ tán.

"Mo mọ̀, Màámi."

Ìyá wé ewé mọ́ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó gbé e ti àwọn yòókù, ó sì mú òmíràn. Lẹ́yìn náà ló ní tó bá ń lọ, kó rọra ti ilẹ̀kùn, kí oòrùn má baà wọlé bá ọṣẹ òun.